Owó Ọ̀yà Alágbàṣe

Ẹ̀yin ará nínú Kristi, ní Pobè àti Sakété, ta ni ó ń gun ọ̀pẹ yín? Ta ni ó ń ro oko yín? Ìwé Deuteronómì 24 pàṣẹ pé kí a san owó ọ̀yà tálákà kí oòrùn tó wọ̀. Ní 1891, Póòpù Leo Kẹtàlá kọ́ wa pé àdéhùn nìkan kò tó, owó náà gbọ́dọ̀ lè bọ́ òṣìṣẹ́. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ pẹ̀lú sọ owó oṣù tí ó kéré jù lọ di 52,000 fránkì ní 2023.

Àwọn kan kì í rí àbùkù iṣẹ́ àfi lọ́jọ́ owó. (Ojú wọn a sì mú lọ́jọ́ náà!) Bí iṣẹ́ kò bá dára, ọjọ́ iṣẹ́ ni kí ẹ sọ ọ́, pẹ̀lú sùúrù. Ẹni tí ẹ jẹ ní gbèsè yóò gba Ara Kristi pẹ̀lú yín lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ san owó rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé.