Ṣé Ó Tọ́ Kí Á Fi Ẹni Tí A Fi Pamọ́ De Ọjọ́ Ìṣòro Sílẹ̀?

Ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ìdànrè, a ní ọmọkùnrin kan tí kì í sábà wà lórí pápá ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, síbẹ̀ òun ni gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ fojú wá nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra lọ sí ìdíje. Kípà kejì ni. Kípà àkọ́kọ́ ga jù ú lọ, ó sì mọ bọ́ọ̀lù òkè mú dáadáa. Ṣùgbọ́n bí eré bá parí sí ọ̀mì, tí rẹfirí ní kí á lọ gbá pẹnáritì, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa á yọ ẹni gíga náà, á sì fi kékeré yìí sí i. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, nítorí kò rán mi níṣẹ́. Kípà Kejì ni gbogbo wa ń pè é. Bí ó bá ti dúró sójú ilé, kì í mira títí ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ gbá a yóò fi kan bọ́ọ̀lù. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì ló yọ wá báyìí.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí á gbá ìpele tí ẹgbẹ́ mẹ́jọ péré kù sí nínú ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́, ni ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Àkúrẹ́ bá ránṣẹ́ sí ọ̀gá wa tó ń mójú tó eré ìdárayá. Wọ́n ti rí Kípà Kejì. Wọ́n fẹ́ gbà á sọ́dọ̀, kò ní san owó ilé ẹ̀kọ́, inú ọgbà wọn ni yóò sì máa gbé. Fún àwa tí yóò fi sílẹ̀, wọ́n ní àwọn á fún wa ní jẹ́sì méjìdínlógún àti bọ́ọ̀lù tuntun mẹ́ta. Kí ẹ tó rẹ́rìn-ín, bọ́ọ̀lù tí a ń lò nígbà náà, a ti rán an lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n fi kún un pé ọmọ náà gbọ́dọ̀ dé kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, nítorí wọ́n fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdíje mìíràn.

Ọ̀gá pe èmi tí mo jẹ́ kápẹ́nì, ó pe igbákejì mi, ó sì pe kípà àkọ́kọ́. A jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wa: ṣé ká fi í sílẹ̀ àbí ká má fi í sílẹ̀? Kípà àkọ́kọ́ kò sọ nǹkan kan. Mo rò pé ojú ń tì í, nítorí bí ẹnì kejì bá lọ, òun nìkan ló kù. Èmi ni mo sọ̀rọ̀ jù. Mo ní ká má ṣe é.

Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, mo sì fẹ́ rò ó níhìn-ín bí mo ti rò ó lábẹ́ igi, kí ẹ má baà rò pé ìmọtara-ẹni nìkan ló wà níbẹ̀. Mo mú Enyimba ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 2004, ní Àbújá, Enyimba ti ìlú Aba àti Étoile du Sahel ti Tùníṣíà jọ wọ̀yá ìjà nínú àṣekágbá ife àwọn akọni líìgì Áfíríkà. Étoile ti na Enyimba 2–1 nílé tiwọn. Enyimba náà sì na wọ́n 2–1 ní Àbújá. Vincent Enyeama ló wà lójú ilé, bẹ́ẹ̀ ta ni kò mọ Enyeama ní Nàìjíríà? Síbẹ̀, kí pẹnáritì tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi Dele Aiyenugba sí i. Enyimba borí, 5–3. Ọdún 2003 ni wọ́n kọ́kọ́ gba ife yẹn, tí kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà tó gbà á rí ṣáájú wọn. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí, ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì ló bá wọn parí rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Netherlands ṣe bákan náà ní ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní Brazil. Tim Krul wọlé nígbà tí eré wọn pẹ̀lú Costa Rica ti fẹ́ dópin pátápátá, ó mú pẹnáritì méjì, wọ́n sì kọjá.

Mo wá bi àwọn ẹlẹgbẹ́ mi léèrè pé: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ rẹ̀? Bí ẹ bá fi aago wọ̀n ọ́n, kò ṣe nǹkan kan. Bí ẹ bá fi ẹ̀rù tó wà nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà wọ̀n ọ́n, ó ju gbogbo wa lọ. Kò sì sí ẹni tí í ta agbòòrùn rẹ̀ nígbà tí òjò ti ṣú. Báyìí ni mo sọ. Igbákejì mi pàtẹ́wọ́.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé àwọn kan wà tí wọ́n máa ń ta irú agbòòrùn bẹ́ẹ̀, tí wọn kì í sì í kábàámọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní eré kan tí wọ́n ń pè ní bésíbọ́ọ̀lù, níbi tí ẹnì kan ti ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó mú igi dání. Nínú àwọn tó ń jù ú, àwọn kan wà tí kì í bẹ̀rẹ̀ eré. Ìparí ni wọ́n ń fi wọ́n sí i, kí ohun tí ẹgbẹ́ ti kó jọ má baà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ Kípà Kejì gan-an nìyẹn. Ní oṣù Keje ọdún 2016, New York Yankees ní ọ̀kan tó ń ju bọ́ọ̀lù bí ẹni yin ìbọn, Aroldis Chapman. Lọ́dún náà, eré wọn kò jọ ti ẹgbẹ́ tí yóò gba ife. Wọ́n bá fi í fún Chicago Cubs, wọ́n gba ẹni mẹ́rin dípò rẹ̀, tí Gleyber Torres tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún wà lára wọn. Cubs gba ife lọ́dún yẹn, èyí tí wọn kò rí gbà láti ọdún 1908. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, tí àdéhùn Chapman ti parí, Yankees tún pè é padà. Bí òjò kò bá ní rọ̀ sí àgbàlá rẹ, tí ó sì ń rọ̀ ní ti aládùúgbò rẹ, kí ni o ń fi agbòòrùn kọ́ ara ògiri fún?

Ẹ má jẹ́ ká lọ sókè òkun jù. Àkúrẹ́ kò jìnnà sí wa. Sunshine Stars, ẹgbẹ́ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni, dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá nínú ife Áfíríkà kan náà ní ọdún 2012. Al Ahly ti Íjíbítì ni wọ́n bá pàdé. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti gbá èyí tí ó yẹ kí wọ́n gbá nílé, ó parí sí 3–3, wọ́n sì pàdánù 1–0 ní Káírò. Godfrey Oboabona, tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́ gan-an, ni kápẹ́nì wọn. Ní oṣù Kejì ọdún 2013, ó wà nínú ikọ̀ Super Eagles tó gba ife Áfíríkà ní South Africa. Kí ọdún náà tó parí, ó ti wà ní ilẹ̀ Tọ́kì, ní ẹgbẹ́ Rizespor. Ṣé ó yẹ kí Sunshine Stars dì í mú? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ tó kọ́ ènìyàn dé ibi tí ayé ti ń wá a ti ṣe ohun tó yẹ kí ó ṣe. Òfin FIFA pàápàá mọ èyí: bí wọ́n bá san owó lórí agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn kí àdéhùn rẹ̀ tó tán, ìdá 5 nínú 100 owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tó kọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Enyeama àti Aiyenugba náà lọ níkẹyìn, àwọn méjèèjì sì gba ẹgbẹ́ Bnei Yehuda ní Ísírẹ́lì kọjá, Enyeama ní 2005, Aiyenugba ní 2007. Enyimba ṣì wà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dà mí láàmú, òun ni ọ̀rọ̀ náà “tà”. A máa ń sọ pé wọ́n ta agbábọ́ọ̀lù bí a ti ń sọ pé wọ́n ta ewúrẹ́. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó jẹ gbèsè lè fi ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ọmọ náà yóò máa ro oko ẹni tó yá wọn lówó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi san owó gan-an. Kí ló wá mú agbábọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí ìwọ̀fà? Owó rẹ̀ pọ̀ jù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó kọ́ ni ìyàtọ̀. Ìyàtọ̀ náà ni pé agbábọ́ọ̀lù fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ọwọ́ lùwé, ìwé náà sì ní ọjọ́ tí yóò parí. Ohun tí ẹgbẹ́ ń tà ni ìyókù àsìkò tó wà nínú ìwé yẹn. Pé kí wọ́n tó gbà bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù, ó di ilé ẹjọ́. Jean-Marc Bosman, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, ti parí àdéhùn rẹ̀, síbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń béèrè owó kí ó tó lè lọ síbòmíràn. Ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 1995 ni ilé ẹjọ́ tó dá a láre.

Ẹnìkan lè sọ pé bí oníkálùkù bá ń lọ nígbà tó bá wù ú, kò sí ẹgbẹ́ tí yóò dúró. Òótọ́ ni. Àwọn tó bá ọ gun òkè, tó bá ọ ṣubú, tó gbá bọ́ọ̀lù sí ọ láyà ní ìgbà ẹgbẹ̀rún kí o tó mọ̀ ọ́n mú, ní ẹ̀tọ́ lára rẹ. Mo gbà pé ẹgbẹ́ tó ní ìwé àdéhùn lè sọ pé kí ó dúró kí ìdíje parí. Ṣùgbọ́n ìwé wo ni Kípà Kejì bá wa ṣe? Jẹ́sì méjìdínlógún wọ̀nyí, kí ni a fẹ́ fi gbà wọ́n gan-an? A kò ní ohun tí a lè tà. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò ní ohun tí a lè dì mú.

A dì í mú. Ọ̀gá fèsì fún àwọn ará Àkúrẹ́ pé a dúpẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì a lọ gbá eré wa, wọ́n sì nà wá 3–0. Méjì ti wọlé kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí. Pẹnáritì tí a torí rẹ̀ dì í mú kò wáyé. Kípà Kejì jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó sì wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin.

Àwọn kan ní kíláàsì wa sọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ fi hàn pé mo ṣi ìpinnu ṣe. Níbi tí mo ti yàtọ̀ sí wọn nìyí. Ká ní eré yẹn parí sí ọ̀mì, tí ó sì mú mẹ́ta, wọn ì bá gbé mi sí èjìká. Ṣé ìpinnu kan náà yóò wá di rere nítorí pé bọ́ọ̀lù kan lu òpó? Bí mo bá jẹ̀bi, mo ti jẹ̀bi lábẹ́ igi máńgòrò, kí ẹnikẹ́ni tó fọn fèrè. Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. A jókòó, àwa mẹ́rin, a ń fá orí ẹni ẹlẹ́ni, fèrèsé kíláàsì tí ó wà kò sì ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí wa lọ. Kò sí ẹni tó ní kí á pè é. Ìyá rẹ̀ àgbà tó ń tọ́ ọ, tó ń fi owó kòkó san owó ìwé rẹ̀, kò gbọ́ títí ọ̀rọ̀ fi tutù.

Ní oṣù tó kọjá, èmi àti rẹ̀ jọ gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, bí a ti máa ń ṣe láti fi mú ẹsẹ̀ wa le. Níbi tí a ti jókòó sinmi, mo bi í ní ohun tó yẹ kí n bi í lọ́dún tó kọjá. Ó ní òun gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ó ní òun ti rò ó pé òun á bẹ àwọn ará Àkúrẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí òun gbá eré yẹn kí òun tó wá. Mo ní bí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́?

Ó ní, “Ǹ bá lọ.”

A dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá bi mí pé àwọn jẹ́sì yẹn, àwọ̀ wo ni wọ́n fẹ́ fún wa.

Mo ní mi ò bèèrè.