Ojú Tálákà: Kádàrá Ni Tàbí Ẹ̀tọ́ Tí A Kò Fún Un?

 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú Islam, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń yá wa lẹ́nu nígbà tí ojú ẹnìkan bá ń ṣe bàìbàì: “Kádàrá ni, kí ó ṣe sùúrù.” A fẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ìgbà wo ni ó jẹ́ ìgbàgbọ́? Ìgbà wo ni ó sì jẹ́ ọ̀nà tí a ń gbà yẹ ẹrù ọmọnìkejì wa sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a ti orí ara wa bẹ̀rẹ̀. Ní ilé kéú wa ní Ìkìrun, ọmọ kan wà tí kì í lè ka ohun tí a bá kọ sí pátákó. Bí ó bá gbé wàláà, imú ni ó máa ń sún un mọ́. A pè é ní olódo, a sì nà án ní pàṣán. Ó tó bí ọdún méjì kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó mú un lọ sí Òṣogbo, tí wọ́n wo ojú rẹ̀, tí wọ́n sì fún un ní jígí. Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ wá, ó ka ìlà òkè pátákó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìṣì í kà. Ojú tì wá. A bẹ̀ ẹ́ níṣojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n pàṣán tí a ti nà án kò ṣeé gbà padà.

Irú rẹ̀ pọ̀. Télọ̀ kan tí a mọ̀ ní Ìnísà pa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tì ní ẹni ọdún 44, nítorí pé kò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ogójì ọdún ni ojú ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ ohun tó wà nítòsí, jígí ìkàwé lásán ni ó sì ń tún un ṣe. Ní Òkukù, ìyá àgbà kan wà tí inú ẹyinjú rẹ̀ ti funfun. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó ń fà á lọ́wọ́ kiri ní àkókò tí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà wà nílé ìwé.

Láàárín 2005 sí 2007, àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí ojú káàkiri Nàìjíríà. Nínú 100 afọ́jú tó ti lé ní ẹni ogójì ọdún, nǹkan bí 84 ni àìsàn tó ṣeé dènà tàbí tó ṣeé wò fọ́ lójú. Ojú tó ń funfun nínú nìkan kó bí 43. Àwọn tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún ojú kiri ìlú sì ni wọ́n ṣe ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlàjì ojú bẹ́ẹ̀ tí a ti tọ́jú. Tálákà ń lọ bá wọn nítorí pé àwọn ni ó rí nítòsí.

A gba kádàrá gbọ́. Ṣùgbọ́n Ànábì kan náà tó kọ́ wa ní kádàrá ni ó pàṣẹ pé kí a máa wá oògùn. Ohun tí oògùn rẹ̀ wà láyé, tí a kò mú dé ọ̀dọ̀ ẹni tó nílò rẹ̀, a kò gbọdọ̀ ti ẹ̀bi rẹ̀ sí Ọlọ́run.

Ẹnìkan lè sọ pé, “Ilé ìwòsàn ńlá wà ní Òṣogbo, ní Ilé-Ifẹ̀ àti Ìbàdàn. Ẹni tó bá fẹ́, kí ó lọ.” Òótọ́ ni, ẹnikẹ́ni kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá Òkukù. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ẹni méjì ni yóò san, yóò pàdánù ọjọ́ ọjà, wọn a sì tún ní kí ó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tí kò ríran ni a ní kí ó rin ìrìn tó jìnnà jù.

Ẹ rántí Súrà Abasa. Afọ́jú ni Abdullahi ọmọ Ummu Maktum. Ó wá bá Ànábì níbi tí ó ti ń bá àwọn olórí Kuraiṣi sọ̀rọ̀, Ọlọ́run sì bá Ànábì wí nítorí rẹ̀. Kì í ṣe sàárà ni ọkùnrin náà wá tọrọ. Ìpín tirẹ̀ nínú ìmọ̀ ni ó wá gbà. Lẹ́yìn náà ó di apèrun ní Mẹ̀dínà. Bí a bá fún aláìní ní ohun tó tọ́ sí i, yóò wúlò fún gbogbo wa.

Ó sì ṣeé ṣe. Láti 1987 ni ilé iṣẹ́ Merck ti ń fi oògùn Mectizan ta ọrẹ fún àìsàn ojú tí eṣinṣin kékeré etí odò ń kó ranni. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ni wọ́n yan ẹni tí yóò máa pín in láti ojúlé dé ojúlé, igi ni wọ́n sì fi ń wọn gíga ènìyàn kí wọ́n tó mọ iye tí yóò lò. Nígbà tí Bola Tinubu jẹ́ gómìnà Èkó (1999 sí 2007), ìjọba rẹ̀ ṣe ètò ojú tí wọ́n pè ní Jígí Bọ́lá. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn fẹ́ pín jígí mílíọ̀nù 5. Ìkéde dára, ṣùgbọ́n ta ni yóò ka orúkọ télọ̀ Ìnísà sí i bí àwa tí a mọ ilé rẹ̀ kò bá sọ̀rọ̀?

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ orúkọ àwọn tí ojú ń dùn ní àdúgbò yín sílẹ̀. Ẹ̀yin Lèmọ́mù, ẹ jẹ́ kí a pe àwọn oníṣègùn ojú wá sí mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn Jímọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ̀yin ọlọ́rọ̀, tálákà àti aláìní ni Ọlọ́run kọ́kọ́ dárúkọ nínú ìsọ̀rí 8 tí sàká tọ́ sí. Ẹ bi àwọn àáfà yín bí ẹ ó ṣe fi wo ojú wọn. Ẹ̀yin olùkọ́ kéú ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ kọ́kọ́ wo ojú ọmọ kí ẹ tó wá pàṣán.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi kádàrá bo àìbìkítà wa mọ́lẹ̀. Àmín.