Níbi Ẹnu Ọ̀nà La Ti Ń Yan Olùdarí

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Bí ipò olùdarí ilé-ìkàwé ìlú bá ṣófo, ẹnu náà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbé síwájú. Ìgbìmọ̀ á jókòó, wọn á yẹ ìwé-ẹ̀rí wò, wọn á pe àwọn mélòó kan wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, olúkúlùkù á sì ṣàlàyé bí òun yóò ṣe sọ ilé-ìkàwé di àrímáleèlọ. Ẹni tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ jù ló sábà máa ń wọ̀ wọ́n lójú. Èmi ò kórìíra ọ̀rọ̀ dídùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò tó. Ọwọ́ ni kí a wò. Ọwọ́ ọ̀hún kì í sì í dédé mọṣẹ́ lọ́jọ́ tí ipò ṣófo. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbà á wọlé, tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ìlú tó bá fẹ́ olùdarí tó pegedé, ẹnu ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ kékeré ń gbà wọlé ni kó kọ́kọ́ lọ yẹ̀ wò.

Ìtàn ilé-ìkàwé Enoch Pratt ní ìlú Baltimore, ní Amẹ́ríkà, ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dá mi lójú. Oníṣòwò irin ni Pratt. Ní ọdún 1882, ó fi ẹ̀bùn tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là ta ìlú náà lọ́rẹ, kí wọ́n fi dá ilé-ìkàwé ọ̀fẹ́ sílẹ̀, kí ìlú sì máa san 50,000 dọ́là kún un lọ́dọọdún. Ó là á mọ́lẹ̀ pé ti gbogbo ènìyàn ni, olówó àti tálákà, aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú. Ó yan ìgbìmọ̀ alábòójútó kan. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, àwọn tó kù ló ń yan arọ́pò, àwọn náà ló sì ń wá olùdarí. Ilẹ̀kùn ṣí ní ọdún 1886.

Ní ọdún 1926, ìgbìmọ̀ yìí kò jókòó sílé retí ẹni tí yóò wá bẹ̀ wọ́n. Wọ́n lọ mú Joseph Wheeler ní Youngstown, ní ìpínlẹ̀ Ohio, níbi tó ti ń darí ilé-ìkàwé. Ẹ wo ohun tí ọkùnrin náà ṣe. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ńlá tuntun tó ṣí ní ọdún 1933, ó ní òun ò fẹ́ àtẹ̀gùn níwájú rẹ̀. Láyé ìgbà náà, àtẹ̀gùn gíga ni ògo ilé-ìkàwé, bí ẹni pé ààfin ni èèyàn ń gùn lọ. Wheeler ní kí ilẹ̀kùn bá ojú títì dọ́gba, kí ìyá arúgbó àti ẹni tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ lè rọra wọlé. Ó tún ní kí wọ́n ṣe fèrèsé ńláńlá sí ẹ̀gbẹ́ títì, kí wọ́n pàtẹ ìwé síbẹ̀ bí ilé ìtajà ṣe ń pàtẹ aṣọ. Ẹni tó bá ń kọjá lọ síbi iṣẹ́ á dúró wò, ìwé á sì pè é wọlé. Irú ìrònú bẹ́ẹ̀ kì í ti inú ìwé-ẹ̀rí jáde. Inú ẹni tó ti dúró ti àwọn òǹkàwé fún ìgbà pípẹ́ ló ti ń wá.

Síbẹ̀, lábẹ́ Wheeler kan náà, ilẹ̀kùn kan wà tí wọ́n tì pa. Ilé-ìkàwé náà ní kíláàsì tó fi ń kọ́ àwọn tí yóò gbà síṣẹ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà tó ṣe gúnmọ́ láti di òṣìṣẹ́ rẹ̀. Louise Kerr, ọ̀dọ́bìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó jẹ́ olùkọ́, bèèrè àyè nínú kíláàsì náà ní ọdún 1943. Àwa máa ń sọ pé bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Ọmọ yìí wẹ ọwọ́ mọ́ tónítóní, wọ́n sì lé e kúrò nídìí àwo nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Ó pẹjọ́. Àwọn alábòójútó ní ilé-ìkàwé náà kì í ṣe ti ìjọba, pé ẹgbẹ́ aládàáni ni, kóòtù àkọ́kọ́ sì gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1945, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn wò ó pé owó ìlú ló ń gbé ilé náà ró, ó sì dá Kerr láre.

Mi ò lè ka ìtàn yìí kí inú mi má bàjẹ́. Mélòó nínú àwọn tó lè di olùdarí ni wọ́n ti lé padà kí ẹnì kan tó gboyà pẹjọ́? Ìgbìmọ̀ tó bá ti ọmọ ọlọ́gbọ́n mọ́ta lónìí, tó wá ń fi ìpolówó wá ọ̀gá kiri lẹ́yìn ogún ọdún, òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìyà.

Ọdún 36 lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn, ní 1981, Anna Curry, obìnrin aláwọ̀ dúdú, di olùdarí ilé-ìkàwé Pratt. Ní 1993, Carla Hayden gbapò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lo ọdún 23 níbẹ̀. Ibi tí Hayden ti bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí ìgbìmọ̀ gbogbo fi ṣe ẹ̀kọ́. Ní 1973, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ni, kò ríṣẹ́, ló bá gbọ́ pé ilé-ìkàwé Chicago ń gbani. Ẹ̀ka kékeré kan tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n rán an lọ. Bó ti débẹ̀, ó bá òṣìṣẹ́ kan tó wọ ṣòkòtò jíǹsì, tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ń ka ìtàn fún àwọn ọmọ tó ní àrùn ọtísìmù. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Ìgbà ìpọ́njú là á mọ̀rẹ́, ibẹ̀ náà là á sì mọ olùdarí. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2015, ọjọ́ tí wọ́n sin Freddie Gray, ọ̀dọ́mọkùnrin tó kú lẹ́yìn tó farapa lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Baltimore. Iná jó ilé ìtajà oògùn tó dojú kọ ẹ̀ka Pratt ní òpópónà Pennsylvania. Lọ́jọ́ kejì, ilé-ẹ̀kọ́ tì. Hayden àti ọ̀gá ẹ̀ka náà fohùn ṣọ̀kan pé ilé-ìkàwé á ṣí, ó sì ṣí. Hayden fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan wọlé wá kọ fọ́ọ̀mù iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, torí pé ẹni tó ń wáṣẹ́ kò lè ní kí rògbòdìyàn kọ́kọ́ tán ná.

Ẹ̀ka náà kò lè ṣí bí kì í bá ṣe pé ọ̀gá rẹ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n ti gbẹ́kẹ̀ lé tipẹ́, tó sì mọ̀ pé olùdarí òun kò ní sá fún òun. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èyí tí a kọ́ ló ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ èmi ni mo wà nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò ní kánjú. Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mi ò ní kọ́kọ́ bèèrè ètò ọdún márùn-ún lọ́wọ́ ẹni tó ń wá ipò náà. Màá ní kó dárúkọ àwọn tó kọ́ níṣẹ́ tí wọ́n ti di ọ̀gá níbòmíràn, àti òṣìṣẹ́ tó kéré jù tó lè pè é lórí fóònù lóru bí nǹkan bá bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, kí a tó pe ẹnikẹ́ni mìíràn, àwọn tó dárúkọ wọ̀nyẹn la ó kọ́kọ́ pè.