Ta Ló Fi Ìlẹ̀kẹ̀ Sí Ìdí Ọmọ Náà?

“Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn.” Bóyá ni Yorùbá kan wà tí kò gbọ́ òwe yìí rí. Wọ́n ń fi í gbé ọmọ ilé sípò, wọ́n ń fi í tọrọ ìbò, wọ́n sì ń fi í bá ọmọ tó lọ fẹ́ ará ibòmíràn wí. Ní Ekpè níbí, láàárín Kútọnu àti Àjàṣẹ́, níbi tí títì tó lọ sí ẹnubodè Kraké ti gba inú ìlú kọjá, ẹnu àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù ni mo ti ń gbọ́ ọ jù. Bí ilẹ̀ Faransé bá ń gbá bọ́ọ̀lù, tí wọ́n sì dárúkọ Jules Koundé, ẹnì kan á mí kanlẹ̀, á ní ọmọ wa nìyẹn, ẹ wo ibi tó ń bá wọn ṣe é. Òwe yìí ni yóò fi dé e, àwọn tó jókòó tì í á sì mi orí.

Mi ò lè bá wọn mi orí. Ẹni tí wọ́n ń pa òwe náà mọ́ yàtọ̀ pátápátá sí ẹni tí òwe náà ń bá wí.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí kì í bá ọmọ ti ọ̀run wá. Ìyá ló ń lọ sọ́jà lọ rà á, òun ló ń jókòó sín in sókùn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, òun ló ń fi okùn wọn ìdí ọmọ kó má baà fún un jù, òun náà ló ń so kókó rẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi í sí ìdí ọmọ, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ bí ìdí náà yóò ṣe rí lọ́jọ́ iwájú. Bí ara ọmọ bá ń tóbi, okùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ge é. Ìyá á tú u, á fi ẹyọ kún un, á tún un sín. Owó ń lọ sí i, àkókò ń lọ sí i, kò sì tán lẹ́ẹ̀kan. Nínú gbogbo wàhálà yìí, ọmọ kò ṣe ju pé ó dúró kí wọ́n so ó fún un.

Olówó ìlẹ̀kẹ̀ ni òwe náà ń bá sọ̀rọ̀. Ó ń sọ fún un pé bó ti wù kí ìdí ọmọ rẹ̀ rí, òun ni kó kọ́kọ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Kò sí ibi tí òwe náà ti pàṣẹ fún ọmọ pé kó tú ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹlòmíràn so fún un nígbà tí ilé tirẹ̀ kò ra ọ̀kan. Ọrùn òbí ni ojúṣe náà wà. Àwa la gbé e kúrò níbẹ̀, tí a fi kọ́ ọmọ lọ́rùn.

Koundé yìí, Paris ni wọ́n bí i sí ní 1998. Ọmọ Benin ni bàbá rẹ̀, Faransé ni ìyá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá náà ló ti dàgbà ní Landiras, ìlú kékeré kan ní agbègbè Bordeaux, níbi tó ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké gbá bọ́ọ̀lù kí ẹgbẹ́ ńlá Bordeaux tó mú un sọ́dọ̀. Nígbà tó fi máa wọ pápá fún Faransé nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé pẹ̀lú Argentina, ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 2022, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń tú ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń tún un sín. Láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àwa ará Ekpè kò mọ̀ pé a bí ọmọ kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ìdí rẹ̀ di ohun tí gbogbo ayé ń wò la tó rántí pé ọmọ wa ni. Ìyá rẹ̀ náà ní ẹnu tó lè fi pa òwe yìí. Bó bá ní ọmọ òun ni, òun lòun sì fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i nídìí, ta ni yóò já a nírọ́?

Ọ̀rọ̀ àwọn Sessègnon tún mú un yéni sí i. Allahé, nílẹ̀ Benin níbí, ni wọ́n ti bí Stéphane Sessègnon ní 1984. Ó gbá bọ́ọ̀lù ní Paris Saint-Germain, ó gbá a ní Sunderland, jẹ́sì Benin ló sì wọ̀. Ìbejì ni Ryan àti Steven, ẹbí rẹ̀ tí wọ́n bí ní London ní 2000. Fulham ló tọ́ wọn, ikọ̀ ọ̀dọ́ England ni wọ́n sì ti jáde; Ryan wà lára àwọn tó gba ife ilẹ̀ Yúróòpù fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò ju ọdún 19 lọ ní 2017. Ẹbí kan náà, jẹ́sì méjì. Mi ò rí ọ̀dàlẹ̀ kankan nínú wọn.

Ọ̀dọ̀ Bukayo Saka ni òwe yìí ti kan àwọn tó ni ìlẹ̀kẹ̀ gan-an. Yorùbá ni bàbá àti ìyá rẹ̀, Ealing ní London ni wọ́n bí i sí ní 2001, láti kékeré ló sì ti wà lọ́wọ́ Arsenal. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2021, ní Wembley, ó pàdánù pẹnáritì tó gbá kẹ́yìn fún England nínú àṣekágbá ife ilẹ̀ Yúróòpù pẹ̀lú Italy. Ọmọ ọdún 19 ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, èébú àwọ̀ ara ti ń rọ̀ lé e lórí ní orí íntánẹ́ẹ̀tì, òun àti Marcus Rashford pẹ̀lú Jadon Sancho tí wọ́n jọ pàdánù pẹnáritì. Níbí yìí, inú àwọn kan dùn: ṣé ẹ ti rí i báyìí, àwọn yẹn kò gbà á ní ọmọ, kó máa bọ̀ nílé. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ó sì dun èmi náà. Ẹni tó ń pe ọmọ ní tirẹ̀ nígbà tó gbá góòlù wọlé, tó wá fẹ́ já ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ nítorí pẹnáritì kan, kò tíì mọ ohun tí ọmọ ẹni jẹ́. Òwe kò sọ pé bí ìdí ọmọ bá dára nìkan.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè kan náà. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Lọ́ńdọ̀nù àti Paris lé dànù ní ọmọ ọdún 16 tàbí 18 pọ̀, nítorí orúnkún wọn bàjẹ́ tàbí nítorí ẹlòmíràn ju wọn lọ. Ta ni ó ń pè wọ́n ní ọmọ wa? Ta ni ó ń mí kanlẹ̀ nítorí tiwọn? Àwọn tó di olókìkí nìkan là ń pa òwe mọ́. Ọ̀nà tí a fi ń gba Koundé lọ́mọ àti ọ̀nà tí àwọn eléèébú fi kọ Saka lọ́mọ, ibì kan náà ni méjèèjì ti wá: ìdí tó dára nìkan là ń fẹ́.

Ìlẹ̀kẹ̀ ń gba ẹnubodè Kraké kọjá síhìn-ín náà. Lagos ni wọ́n bí Razak Omotoyossi sí ní 1985. Benin ló pè é, Benin ló gbá bọ́ọ̀lù fún. Ní Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà tó wáyé ní Ghana ní 2008, góòlù kan ṣoṣo ni Benin gbá wọlé ní gbogbo ìdíje náà, Omotoyossi ló gbá a, sínú àwọ̀n Côte d’Ivoire. Lagos náà ni wọ́n bí Tosin Aiyegun sí, jẹ́sì Benin ló wà lọ́rùn rẹ̀ títí di òní. Ní Lomé, ilé Yorùbá tó wá láti Nàìjíríà ni wọ́n bí Emmanuel Adebayor sí. Góòlù 11 ló gbá wọlé kí Togo tó dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2006, òun sì ni agbábọ́ọ̀lù tó tayọ jù ní Áfíríkà ní 2008. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní Ekpè sọ pé Togo jí ọmọ ọlọ́mọ.

Ní Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà 2019, ní Cairo, Benin àti Morocco ta ọ̀mì 1-1, a fi pẹnáritì 4-1 yege, a sì di ara ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kù fún ìgbà àkọ́kọ́. Moïse Adiléhou ló gbá góòlù wa wọlé lọ́jọ́ náà; Colombes, ní Faransé, ni wọ́n bí i sí. Steve Mounié tó ń ṣíwájú ikọ̀ wa, Parakou ni wọ́n bí i sí, Perpignan ló ti dàgbà. Jordan Adéoti, ọmọ Yorùbá láti orúkọ dé ìdílé, nítòsí Toulouse ni ilé ìbí rẹ̀ wà. Ayọ̀ kún ojú títì lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó bèèrè ibi tí wọ́n ti sín ìlẹ̀kẹ̀ tí a ń fi jó.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 2024, tí Benin gba Nàìjíríà lálejò ní Abidjan nínú ìdíje láti dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n síta níwájú ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Ekpè, nítòsí tábìlì tí wọ́n to ìgò epo bẹntiróò kpayo sí. Raphael Onyedika kọ́kọ́ gbá góòlù Nàìjíríà wọlé. Jodel Dossou dá a padà, nígbà tó sì kù díẹ̀ kí wọ́n lọ sinmi, Mounié fi ìkejì sí i, ibẹ̀ náà ló sì parí sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń wa ọ̀kadà zémidjan yíjú sí ìyá àgbàlagbà kan tó ń dín àkàrà, ó ní:

“Màmá, ta lẹ̀ ń ṣe tiẹ̀ ná?”

Ìyá náà yí àkàrà rẹ̀ padà kó tó dáhùn. “Ọmọ mi kan ń bẹ ní Badagry, èkejì ń bẹ ní Kútọnu. Ìwọ mú èyí tí mo máa kọ̀ fún mi.”

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ má bínú, Màmá,” ó sì ra àkàrà.

Ohun tí ìyá yìí mọ̀, àwọn ará Kroatíà náà mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà 2006, ní Stuttgart nílẹ̀ Jámánì, wọ́n pàdé Ọsirélíà nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, wọ́n sì ta ọ̀mì 2-2. Mark Viduka tó jẹ́ balógun Ọsirélíà, ìran Kroatíà ni. Josip Šimunić tó ń gbá ẹ̀yìn fún Kroatíà, Canberra ní Ọsirélíà ni wọ́n bí i sí. Káàdì òfeefèé mẹ́ta tí rẹfirí Graham Poll fún Šimunić kó tó lé e jáde ni ayé fi ń rántí ọjọ́ náà. Èmi ń rántí pé ọmọ ìran kan náà wà lápá méjèèjì, olúkúlùkù sì ń gbá a tọkàntọkàn fún ẹni tó fi jẹ́sì wọ̀ ọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ìrántí kì í ṣe ohun tí a ń fi ìbínú gbà lọ́wọ́ ọmọ. Ademola Lookman, ọmọ Wandsworth ní London, gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ pẹ̀lú England ní 2017; ní 2022, fúnra rẹ̀ ló yan Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, ní Uyo, ó gbá góòlù méjì sínú àwọ̀n Benin. Òfin FIFA fàyè gba irú ìyípadà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tún là á sí i ní 2020 fún ẹni tí kò tíì gbá ju ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta fún ikọ̀ àgbà kó tó pé ọmọ ọdún 21. Òfin náà gbà pé ọmọ ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ó yẹ kí àwa náà gbà bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan sì wà tó ń fi òwe ìlẹ̀kẹ̀ yìí ṣe ibi. Wọ́n á yọ orúkọ ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù kúrò nínú ìwé, wọ́n á fi ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn rọ́pò, wọ́n á ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀. Irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ òwe. Owó ara ẹni la fi ń ra ìlẹ̀kẹ̀ fún ọmọ ẹni. Ẹni tó tú ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọ ọlọ́mọ láti fi ṣe tirẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, olè ni.

Ohun tó ká mi lára jù wà nítòsí. Ní ìrọ̀lẹ́, lórí iyanrìn ìhà òkun Ekpè, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà, igi méjì ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ ṣe góòlù. Ọmọ ẹni nìwọ̀nyí láìsí àríyànjiyàn: a mọ ilé wọn, a mọ ìyá wọn. Kò tíì sẹ́ni tó mọ bí ìdí wọn yóò ṣe rí. Bí a bá lo ìdajì agbára tí a fi ń sunkún Koundé fún wọn, ọ̀rọ̀ wọn ì bá yàtọ̀. Ìjọba ti ń kọ́ pápá ìṣeré sí àwọn kọ́múnù, ó sì ti dá kíláàsì eré ìdárayá sílẹ̀ ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó dára, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ orí iyanrìn yìí kí wọ́n tó dàgbà jù fún un.

Mo bẹ ẹ̀yin òbí ní Ekpè àti ní gbogbo Sèmè-Kpodji: bí ọmọ yín kò bá tíì ní ìwé ìbí, ẹ lọ gbà á fún un lóṣù yìí, nítorí kò sí ẹgbẹ́ tó lè fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láìsí i. Bó bá ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ jáde lọ wò ó nírọ̀lẹ́ kan, yálà ó mọ̀ ọ́n gbá tàbí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tó ń darí bọ́ọ̀lù ní kọ́múnù wa, ẹ rán akọ́nimọ̀ọ́gbá kan sí etí òkun yẹn kí ọdún yìí tó parí.