Nígbà Tí Kò Sí Jónátánì Nítòsí

KÀ: 1 Sámúẹ́lì 30:1-19
AKỌSÓRÍ: 1 Sámúẹ́lì 30:6 (kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta)

Ọjọ́ kan ń bẹ tí o kò ní rí ẹni tí yóò kí ọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́." Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ dé bá Dáfídì ní Síkílágì. Òun àti 600 ọkùnrin wọ̀lú, eérú ni wọ́n bá. Àwọn ará Ámálékì ti sun ìlú náà, wọ́n ti kó aya àti ọmọ lọ. Àwọn jagunjagun sunkún bí ọmọdé. Omijé kò tíì gbẹ lójú wọn tí wọ́n fi ń sọ pé àwọn yóò sọ Dáfídì ní òkúta pa. Bẹ́ẹ̀ wọ́n kó aya tirẹ̀ méjèèjì lọ pẹ̀lú!

Nígbà kan rí, Jónátánì ló wá fún un lókun nínú igbó (1 Sámúẹ́lì 23:16). Lọ́tẹ̀ yìí, Jónátánì kò sí nítòsí, Sámúẹ́lì sì ti kú. Dáfídì ní láti ṣe fún ara rẹ̀ ohun tí ọ̀rẹ́ ti ṣe fún un rí: ó wá okun lọ sọ́dọ̀ Olúwa.

Kíyè sí i pé kò dúró síbẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì dìde. Àárẹ̀ dá 200 dúró ní odò Bésórì. Ó bá 400 yòókù lọ. Lójú ọ̀nà, wọ́n rí ẹrú ará Íjíbítì kan tí ọ̀gá rẹ̀ pa tì nítorí àìsàn. Àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ dúró láti bọ́ ẹni tí ebi ń pa. Ẹrú yìí gan-an ló mú wọn dé ibùdó ọ̀tá! Gbogbo ohun tí wọ́n kó lọ ni Dáfídì gbà padà.

Nígbà tí mo wà ní pólì, kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló fà mí sẹ́yìn ní ọdún tó yẹ kí n jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń pe olùkọ́ náà ní ọ̀tá ìlọsíwájú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ti ń gbàdúrà kí iná jó o, Ẹ̀mí Mímọ́ bi mí pé, "Ìwé kọ́ọ̀sì náà ńkọ́, o ti ṣí i?" N kò tíì ṣí i rárá. Mo dìde lórí ìkúnlẹ̀, mo wá ìwé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo yege.

Kí ló jóná ní Síkílágì tìrẹ? Ṣọ́ọ̀bù ni, iṣẹ́ ni, àbí ìgbéyàwó? Sunkún bí ẹkún bá ń gbọ̀n ọ́. Dáfídì náà sunkún. Ṣùgbọ́n má sùn síbẹ̀. Eérú kì í ṣe ibùsùn.

KÓKÓ ÀDÚRÀ
1. Olúwa, fún mi lókun níbi tí kò ti sí Jónátánì.
2. Baba, fi ìgbésẹ̀ tó kàn hàn mí, kí o sì fún mi lẹ́sẹ̀ láti gbé e.
3. Ohunkóhun tí ọ̀tá kó lọ nínú ilé mi, mo gbà á padà lónìí, ní orúkọ Jésù!

IṢẸ́ ÒNÍ: Padà sídìí ohun kan tí o pa tì láti ìgbà tí ìṣòro náà ti dé, kí o sì ran ẹni kan tí ipò rẹ̀ burú ju tìrẹ lọ lọ́wọ́.