Ìgbàgbọ́ àti Ìmọ́lẹ̀ Tó Ń Wo Ibà Pọ́njú Ọmọ Tuntun

Bí ojú ọmọ tuntun bá pọ́n rúsúrúsú ní Ifọ̀, onígbàgbọ́ kan lè rò pé iyèméjì sí Ọlọ́run ni gbígbé e sábẹ́ iná ilé ìwòsàn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dá oòrùn ló fi ìwòsàn yìí sínú ìmọ́lẹ̀. Ní Èkó, àwọn oníṣègùn ta ọ̀rá tó ń sẹ́ ìtànṣán tó léwu sókè orí àwọn ọmọ nínú oòrùn. Àbájáde wọn, tó jáde lọ́dún 2015, fi hàn pé oòrùn tí wọ́n sẹ́ bẹ́ẹ̀ kò kéré sí iná ilé ìwòsàn. Ṣé oòrùn àárọ̀ ẹ̀yìnkùlé kò wá tó ni? Kò tó: ó lè jó ọmọ, ojú lásán kò sì lè wọn ohun tó ń mú ojú ọmọ pọ́n nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó lè ba ọpọlọ jẹ́ títí ayé bó bá pọ̀ jù. Ẹ̀yin òbí, ẹ máa gbàdúrà lọ́nà ilé ìwòsàn, lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i gan-an.