ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: TA LÓ MÁA KÚ NÍNÚ "DO OR DIE" YÌÍ?

Bíbélì kíkà: Ẹ́sítérì 4:1-17, 5:1-3

 

Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan wà tó ti di ti gbogbo wa. Ẹni tí kò dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé pàápàá mọ̀ ọ́n lò: "do or die". Awakọ̀ tó fẹ́ já wọ iwájú ẹlòmíràn á ní do or die ni. Ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB ẹlẹ́ẹ̀kẹta á ní tọdún yìí, do or die ni. Kódà mo gbọ́ ọ níbi tí àwọn akọrin ti ń múra ìdíje (ẹ dákun, ẹ̀yin akọrin, ẹ má bínú sí mi). Àwa náà ní tiwa, a máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀, tàbí ká ní ikú tàbí ìyè ni. Ṣùgbọ́n tòyìnbó yẹn ti mọ́ wa lẹ́nu ju tiwa lọ.

Ní oṣù kejì ọdún 2007, Ààrẹ wa nígbà náà, Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, lo ọ̀rọ̀ yìí nípa ìdìbò tó ń bọ̀ ní oṣù kẹrin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́njú nígbà náà ò ní gbàgbé ariwo tó tẹ̀lé e. Nígbà tí ìdìbò parí, Umaru Musa Yar'Adua tó wọlé fi ẹnu ara rẹ̀ sọ níbi ìbúra ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún pé ìdìbò tó gbé òun wọlé ní kùdìẹ̀kudiẹ. N ò wá sọ̀rọ̀ ìṣèlú láàárọ̀ yìí o. Ohun tí mò ń bi ara mi ni pé, nígbà tá a bá ní "do or die", ta gan-an ló máa kú?

Torí ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lẹ́nu àwọn tó ni ín. Robert Burns, akéwì ará Scotland, fi parí orin kan tó kọ ní ọdún 1793, nípa ogun tí ọba wọn, Robert Bruce, bá àwọn ará England jà ní Bannockburn ní ọdún 1314. Ọba ló ń bá àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú orin yẹn, ogun ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọrùn ara wọn ni wọ́n fẹ́ fi lélẹ̀. "Die" yẹn, tiwọn ni. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, a ti pín in sí méjì: tèmi ni "do", tìrẹ ni "die".

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá tí mo fìdí rẹmi nínú Maths. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo sọ fún màmá mi pé, "Mọ́mì, eléyìí, do or die ni." Wọ́n bi mí pé kí nìyẹn túmọ̀ sí. Mo ní ó túmọ̀ sí pé mo gbọ́dọ̀ yege. Wọ́n lọ kó owó àjọ tó yẹ kí wọ́n fi ra ata àti tòmátì wọlé, a fi forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ń pè ní "miracle centre". (Ẹ wo orúkọ tí wọ́n fún olè jíjà, ẹ̀yin onígbàgbọ́!)

Tíṣà kan wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Ó máa ń fi ṣàwàdà fún wa pé ìyàwó òun ti fẹ́ẹ́ bímọ, òun ò tíì rówó aṣọ ọmọ rà. Òun ni wọ́n ní kó máa kọ ìdáhùn sójú pátákó fún wa. Lọ́jọ́ Maths, àwọn tó ń yẹ ìdánwò wò já wọlé lójijì. Ẹfun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ni ilé-ìwé ní òun ò mọ nǹkan kan sí i, tíṣà ló dá a ṣe. Ojú wa ni wọ́n ṣe mú un lọ. Wọ́n sé èsì gbogbo wa mọ́lẹ̀.

Mo sunkún fún bí oṣù kan, nítorí èsì mi. Ẹ̀yin ará, n ò bi ẹnikẹ́ni léèrè nípa tíṣà yẹn. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Ìgbà tí mò ń múra àṣàrò yìí, lẹ́yìn ọdún 16, ni mo tó rí i pé n ò mọ orúkọ rẹ̀. "Uncle Maths" là ń pè é. Èmi ni mo ṣe "do", òun ni "die" já lé lórí.

Ẹ wá wo Ẹ́sítérì. Hámánì ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ọba Ahaswérúsì pé kí wọ́n pa gbogbo Júù lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ 13 oṣù kejìlá. Módékáì fi aṣọ ọ̀fọ̀ sára, ó wá sí ẹnu ọ̀nà ààfin. Nǹkan àkọ́kọ́ tí Ẹ́sítérì ṣe ni pé ó fi aṣọ ránṣẹ́ sí i kó lọ pààrọ̀. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá dé ibẹ̀, torí àwa náà nìyẹn. Kò tíì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, aṣọ ló kọ́kọ́ fẹ́ fi bò ó. Módékáì ò gbà á. Ìgbà yẹn ló tó rán Hátákì lọ béèrè ọ̀rọ̀.

Nígbà tí wọ́n ní kó lọ bá ọba, ẹ̀rù bà á, Bíbélì ò fi pamọ́ fún wa. Ẹni tó bá wọlé tọ ọba láìpè, ikú ni, àfi tí ọba bá na ọ̀pá wúrà sí i. Ó sì ti tó ọjọ́ 30 tí ọba ti pe Ẹ́sítérì gbẹ̀yìn. Módékáì dá a lóhùn pé ààfin ò ní gbà á là, pé bó bá dákẹ́, Júù á rí ìgbàlà gba ibòmíràn, àmọ́ ta ló mọ̀ bóyá tìtorí irú ọjọ́ yìí ló ṣe dé ibi tó wà.

Ìdáhùn Ẹ́sítérì ni mo fẹ́ ká dúró lé. Hátákì wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ iṣẹ́ fún un. Àwọn ìránṣẹ́bìnrin wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó lè rán ẹnìkan wọlé ná, kó wo bó ṣe máa rí. Kò rán ẹnikẹ́ni. Ó ní kí wọ́n bá òun gbààwẹ̀ ọjọ́ 3, òun náà á gbà á, lẹ́yìn náà òun fúnra òun á wọlé lọ, bó bá sì já sí ikú, kó jẹ́ tòun. Lọ́jọ́ kẹta ó wọ aṣọ ayaba, ó lọ dúró ní àgbàlá inú. Kò pariwo. Ẹni tó bá rí i lọ́jọ́ yẹn lè rò pé ó kàn múra lọ òde ni.

Hámánì náà ní do or die tirẹ̀ nínú ìwé kan náà. Igi ìgbọ̀nwọ́ 50 ló rì mọ́lẹ̀, ọrùn Módékáì ló sì gbé e kalẹ̀ fún. Ẹ mọ ẹni tí wọ́n padà gbé kọ́ ọ.

Mo mọ̀ pé òbí wà lórí àtẹ̀jíṣẹ́ yìí tó ti ń tọ́jú owó "runs" sílẹ̀ fún ọmọ. N ò bú yín. Ìfẹ́ ló mú màmá tèmi náà kó owó àjọ wọn sílẹ̀. Ẹ kàn bi wọ́n léèrè kẹ́ ẹ tó sanwó: ta ló máa mú ẹfun dání? Ẹlòmíràn sì wà tí ọ̀gá ti gbé ìwé kan síwájú rẹ̀ láti àná, tó mọ̀ pé irọ́ ni, tó sì mọ̀ pé tóun ò bá fọwọ́ sí i, iṣẹ́ lè bọ́. Arákùnrin, arábìnrin, tìrẹ gan-an ni àgbàlá inú. N ò lè ṣèlérí fún ọ pé wọ́n á na ọ̀pá wúrà sí ọ. Ẹ́sítérì náà ò mọ̀ nígbà tó ń wọ aṣọ.

Èmi padà jókòó ṣe Maths yẹn ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, èmi nìkan pẹ̀lú bírò mi. C6 ni mo gbà. Màmá mi jó sí C6 yẹn bí ẹni pé wọ́n fi mí jẹ ọba.

Àdúrà: Bàbá, mo bẹ̀ Ọ́ nítorí Uncle Maths, níbikíbi tó bá wà. Dárí jì mí pé n ò béèrè rẹ̀. Ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ lóyún rẹ̀ nígbà náà á ti tó ẹni tó ń múra oníwèé mẹ́wàá báyìí. Ràn án lọ́wọ́ kó yege. Ní orúkọ Jésù. Àmín.